Igbákejì Ààrẹ Òótọ́ Ayé àti Ère Tó Wúwo Ju Ẹgbẹ̀rún Béárì Lọ

Ẹ wá ibì kan jókòó sí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé gbọ́ lórí ìdúró, ẹ̀rín á gbé yín ṣubú, ẹ ó sì ní èmi ni mo tì yín.

Orúkọ rẹ̀ ni Thurlow Gaddis. Ní Burbank níbí, ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Brindlewick, géèmù kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe, Gaddis sì ni ọ̀gá ibẹ̀ ní ọdún 1999. Ẹ mọ bí ilé-iṣẹ́ géèmù ìlú wa ṣe rí. Ọmọ tó wọṣẹ́ lánàá á wọ ṣòkòtò péńpé àti sálúbàtà, á pe ọ̀gá rẹ̀ ní Bob, Bob náà á dáhùn, wọ́n á jọ jókòó sílẹ̀ jẹ pizza. Gaddis ní òun kì í ṣe Bob ẹnikẹ́ni. Nínú ooru Burbank, kóòtù olówùú tó nípọn ló ń wọ̀, òógùn á máa ro tótó láti àgbọ̀n rẹ̀, á ní ìrònú ló ń jáde lára òun. Ó fi ara rẹ̀ joyè: Igbákejì Ààrẹ Àgbà fún Òótọ́ Ayé. Bí o bá pè é ní Thurlow, á bojú wẹ̀yìn, á máa wá ẹni tí ò ń pè.

Ohun tó sì ń dun ọkùnrin yìí ni ọ̀rọ̀ “igbákejì” yẹn. Ààrẹ ilé-iṣẹ́ ti fẹ̀yìn tì, ó ti lọ ń pẹja ní Oregon, àga rẹ̀ ṣófo. Ẹni tó ni Brindlewick ni Màmá Ottilie Brandvold, ará Minnesota, tó fi ọpọ́n ìwẹ̀ dolówó. Màmá ò mọ nǹkan kan nípa géèmù, ó kàn rà á bí ẹni ra ewúrẹ́ mọ́ ilé ni. Ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo géèmù tuntun náà fúnra òun ní ìpàtẹ ńlá àwọn onígéèmù ní Los Angeles, lóṣù karùn-ún. Bó bá wu òun, Gaddis di ààrẹ. Bí kò bá wu òun, kò ní jẹ ẹ́.

Gaddis ò dúró dìgbà yẹn. Ó ti wọ yàrá ààrẹ lọ wọn kápẹ́ẹ̀tì.

Géèmù ọ̀hún ńkọ́? N kò ní purọ́ mọ́ ọn, èrò inú rẹ̀ dára. Òtẹ́ẹ̀lì Béárì lorúkọ rẹ̀. Àlejò ni ọ́ nínú òtẹ́ẹ̀lì kan lórí òkè, yìnyín ti dí ọ̀nà, ebi ń pa àwọn béárì, wọ́n ń wọlé bọ̀, kó o wá ọ̀nà jáde. Nínú géèmù àwọn ẹlòmíràn nígbà yẹn, ife tó wà lórí tábìlì, àwòrán lásán ni, o ò lè gbé e. Bí ẹranko ṣe ń rìn, ẹnì kan ló ti ya gbogbo ẹsẹ̀ tó ń gbé sílẹ̀. Gaddis ní rárá, nínú tòun, gbogbo nǹkan ló máa ní ìwúwo tirẹ̀: ife, àga, ìlẹ̀kùn, àwo ìdáná. Tó o bá tì í, á yẹ̀. Tó o bá jù ú, á fọ́. Béárì gan-an, ẹnikẹ́ni ò ní ya ìrìn fún un. Wọ́n á fún un ní egungun, wọ́n á fún un ní ìwúwo, wọ́n á ní kó máa rìn.

Ẹ lọ gbìyànjú ẹ̀ wò pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n bí lánàá.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Gaddis kó gbogbo òṣìṣẹ́ gun òrùlé ilé-iṣẹ́. Ó gbé ife kọfí rẹ̀ sókè bí àlùfáà.

“Ẹ̀yin ọmọ Brindlewick! Láti ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀ ni nǹkan ti ń ṣubú. Ṣùgbọ́n ta ló ń darí wọn? Kò sí! Wọ́n kàn ń ṣubú kiri bí aláìníbaba! Láti òní lọ, èmi ni bàbá ohun gbogbo tó ń ṣubú!”

Dwight Pomeroy pàtẹ́wọ́. Dwight yìí, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé kọfí ọ̀gá, kó sì máa pàtẹ́wọ́; n kò tíì pàdé ẹni tó lè sọ iṣẹ́ kẹta fún mi. “Bàbá wa!” ló ń pariwo. “Ẹ̀yin lẹ bí ìṣubú!”

Gaddis ju ife náà sílẹ̀ láti orí òrùlé. Gbogbo wọn na ọrùn. Ife lọ wòò, ó lọ bá ojú dígí ọkọ̀ kan, ó fọ́ ọ wúruwúru. Ọkọ̀ ta ni? Ọkọ̀ tó wà níbi tí wọ́n kọ orúkọ Thurlow Gaddis sí ni, ibi tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbọ́kọ̀ sí yàtọ̀ sí òun.

Dwight ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. “Ẹ ò rí i! Nínú gbogbo ọkọ̀ tó wà níbẹ̀, ó mọ ti ọ̀gá ẹ̀!”

Inú Gaddis dùn gan-an. Mo ti ń tajà ọjọ́ pẹ́, mo mọ ẹni tó wá rajà, mo sì mọ ẹni tó wá kí wọ́n lè rí i lọ́jà. Kí wọ́n ṣáà rí i ni ti ọkùnrin yìí.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an ni Noreen Sakata, olórí àwọn tó ń kọ ètò sí kọ̀ǹpútà. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín tí kò bá sídìí. Nígbà tó yá, ó pe ọ̀gá wá wo béárì. Béárì ọ̀hún yọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ òsì, ó fìdí jókòó, ó fi ìdí yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, gbà-gbà-gbà, ó dé ìsàlẹ̀, ó gbórí ti ògiri, orí wọnú ògiri lọ.

“Ọ̀gá, béárì ò lè rìn,” Noreen wí.

“Ta ló ní kò lè rìn? Ó ń sinmi.”

“Orí ẹ̀ wà nínú ògiri.”

“Ó ń ronú.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sún un di ìgbà ìrúwé ọdún tó ń bọ̀. Tá a bá gbé e jáde báyìí, wọ́n á fi wá ṣẹ̀sín.”

“Ọdún tó ń bọ̀? Ṣé ọdún tó ń bọ̀ ni Màmá ń bọ̀? Oṣù karùn-ún ni! Àwọn àṣìṣe tó ò ń wí yìí…” Ó fọwọ́ lé àyà. Ọgbọ́n kan ti dé. “Láti òní lọ, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣìṣe mọ́ nínú ilé yìí. Ṣé ayé máa ń ṣàṣìṣe ni? Ìwà àdánidá ni kẹ́ ẹ máa pè é.”

“Ìwà àdánidá!” Dwight pàtẹ́wọ́. “Ọ̀gá, ẹ ò bá ti sọ ọ́ nígbà tí ife bọ́ sórí ọkọ̀ yín!”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dà bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá nígbà tí wọ́n jáde wá ra bùrítò, oúnjẹ wíwé, lọ́wọ́ mi, ẹ ó máa gbọ́ wọn: “Ìwà àdánidá ti jẹ gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ mi.” “Pẹ̀lẹ́ o. Kọ̀ǹpútà tèmi ń hùwà àdánidá látàná, ojú ẹ̀ ti dúdú kìrìmù.”

Ẹ wá gbọ́ àṣà kan tí àwọn onígéèmù ní. Bí ìpàtẹ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé odindi géèmù lọ. Wọ́n á gé ibì kékeré kan nínú rẹ̀, wọ́n á to ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹni tó ń fi ṣeré máa gbà, wọ́n á sì fi ètò kọ̀ǹpútà kan gbogbo ohun tó lè dójú tì wọ́n mọ́lẹ̀, bí ẹni fi ìṣó kàn án. Gbogbo wọn ló ń ṣe é, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé gbogbo wọn ń ṣe é. Noreen náà ṣe tirẹ̀. Ó kan àga mọ́lẹ̀, ó kan ife mọ́ tábìlì, ó fi okùn tí ojú ò lè rí so béárì láti òkè kó má baà ṣubú. Kò sọ fún Gaddis, nítorí Gaddis ti búra ní gbangba pé kò sí ìṣó nínú géèmù òun. Wọ́n gbé e wá fún ọ̀gá kó wò ó. Béárì rọra wọlé bí ìyàwó tuntun.

Omi bọ́ lójú Gaddis. “Èmi ni mo ṣe èyí,” ló wí. Kò tíì tẹ bọ́tìnnì kankan látọjọ́ tó ti débẹ̀. “Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Ẹ gbé ère mi sí gbọ̀ngán òtẹ́ẹ̀lì. Ère idẹ, pẹ̀lú fìlà.”

“Ère yín?” Noreen béèrè.

“Kó jẹ́ òun ló wúwo jù nínú ilé. Kí ló wúwo jù níbẹ̀ báyìí?”

“Béárì ni.”

“Kó wúwo ju ẹgbẹ̀rún béárì lọ. Kó sì dúró lórí òkìtì ife dígí, àwọn ife tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mu wáìnì níbi ìgbéyàwó.”

“Lórí ife dígí? Kí nìdí?”

“Káwọn èèyàn lè mọ̀ pé bí mo ti wúwo tó, ẹsẹ̀ mi fúyẹ́.”

Dwight ní òun fẹ́ sunkún.

Noreen rọra ṣàlàyé. Bí ohun tó wúwo kọjá àlà bá jókòó lé ohun tó fúyẹ́, kọ̀ǹpútà á fẹ́ tì wọ́n kúrò lára ara wọn, kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró, á máa tì í ṣáá ni, títí gbogbo ilé á fi ya wèrè. Gaddis ní kó ṣe é. Noreen ṣe é, ṣùgbọ́n ó kan ère ọ̀hún mọ́lẹ̀ ṣinṣin ju gbogbo ìyókù lọ. Báyìí ni Gaddis onídẹ dúró lórí ife, tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò mira.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀, á fi han Màmá, á sì di ààrẹ. Ṣé ẹ rò pé ìgbéraga á jẹ́ kó sinmi?

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ gan-an, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún èrò, Gaddis jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lórí pèpéle wọn. Ó ní òun fẹ́ kí ère náà ṣí fìlà kí Màmá. Ó fi ọwọ́ inú géèmù fa fìlà. Fìlà ò ṣí. Ó gbá a. Kò mira. Ó ti ère náà. Ó dà bíi pé ó ń ti òkè.

“Kí ló ṣe mí?” ó bú sẹ́kún. “Ta ló dè mí mọ́lẹ̀?”

Ẹnu Dwight ò lè gbé nǹkan dúró. “Ọ̀gá, Noreen ni o. Ó kàn yín mọ́lẹ̀. Ó kan gbogbo nǹkan, àga, ife, gbogbo ẹ̀. Ó tún so béárì lókùn.”

Gaddis dìde. Òógùn bò ó. “Ìṣó? Nínú òótọ́ ayé tèmi? Tú wọn!”

“Ọ̀gá, ẹ farabalẹ̀…”

“Tú gbogbo ẹ̀! Pátá!”

“Màmá ti wà lọ́nà, ọ̀gá. Àga ààrẹ tẹ́ ẹ ń wá yìí, orí ìṣó yẹn ló dúró sí.”

“Àga mi ò dúró lórí ìṣó ẹnikẹ́ni!”

Noreen tún bi í. Ó ní, “Ṣé kí n tú u lóòótọ́?” Gaddis ní, “Tú u, lójú gbogbo ẹni tó wà níbí.” Noreen bá jókòó, ó tú u. Ó wá lọ ra dónọ́ọ̀tì, ó dúró sẹ́yìn, ó ń jẹ ẹ́.

Èrò wọlé. Ariwo ibẹ̀ ń fọ́ etí, iná ń ṣẹ́jú pupa, ó ń ṣẹ́jú búlúù. Màmá Brandvold jókòó níwájú, báàgì lórí itan, búrẹ́dì onísọ́sééjì lọ́wọ́. Gaddis gun pèpéle, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́rùn aṣọ rẹ̀.

“Màmá Brandvold! Ẹ̀yin oníròyìn! Ẹ̀yin ọ̀tá mi tẹ́ ẹ sá pamọ́ sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mo rí yín!”

Àwọn tó ń ta póòpù-kọ́ọ̀nù ló wà lẹ́yìn níbẹ̀.

“Nínú géèmù àwọn ẹlòmíràn, wọ́n kan ife mọ́ tábìlì. Ìtìjú! Wọ́n kan àga mọ́lẹ̀. Ìtìjú! Nínú tèmi, kò sí ìṣó. Bẹ́ ẹ bá rí ìṣó kan, ẹyọ kan péré, kẹ́ ẹ má fi mí ṣe ààrẹ!”

“Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ ni?” Màmá bi ẹni tó jókòó tì í.

“Kò tíì bẹ̀rẹ̀, mà.”

“Ó dáa, kí n jẹun tán.”

Gaddis di máòsì kọ̀ǹpútà mú. Ọwọ́ kan yọ nínú àwòrán, gígùn, rírọ̀ bíi núdùsì. Ó fẹ́ fi gbé ife. Ọwọ́ náà kọjá ife, ó gbá ògiri, ó ká padà, ó fún ara rẹ̀ lọ́rùn.

“Kí ló ń ṣe yẹn?” oníròyìn kan béèrè.

“Ó ń mọ ara rẹ̀.”

Béárì wọlé. Ó tẹ ṣíbí mọ́lẹ̀, ó yọ̀, ó na gbalaja, ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa afẹ́fẹ́.

“Ṣé ó mutí ni?”

“Òótọ́ ayé nìyẹn! Ṣé béárì kì í yọ̀ ni?” Gaddis sáré gba gbọ̀ngán òtẹ́ẹ̀lì lọ kó lè fi ère hàn wọ́n.

Ère wà níbẹ̀ lórí ife, ó ń gbọ̀n bí ẹni tó fẹ́ sín. Gaddis na ọwọ́ núdùsì yẹn sí fìlà. Ó kàn fọwọ́ bà á ni.

Háà! Ife dígí tú jáde bí eéṣú. Ère fò, ó forí gbá àjà, ó bọ́ sílẹ̀, ó forí dúró, ẹsẹ̀ méjèèjì nà sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó. Ó gbá tábìlì, tábìlì fò gba fèrèsé. Ó gbá béárì, èékánná béárì kọ́ ọ lẹ́yìn. Ère wá ká kò, ó gbé ìdí sókè, ó pọn béárì sẹ́yìn bí ìyá ọmọ, ó ń jó lọ ó ń jó bọ̀ nínú gbọ̀ngán, ẹ̀rín ò kúrò lójú rẹ̀. Àwọn béárì yòókù ń gba àtẹ̀gùn yọ̀ bọ̀ lórí ìdí, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wọ sọ́ọ̀ṣì.

Gbogbo gbọ̀ngán ìpàtẹ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn èrò pèpéle mìíràn sáré wá. Dwight ní tirẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó dáwọ́ dúró. “Ẹ wo ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń yí! Kò sẹ́ni tó lè yí bí i tiwọn!”

Màmá gbé búrẹ́dì kúrò lẹ́nu. “Ta ni ọkùnrin tó pọn béárì yẹn?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n rí, Màmá,” Gaddis dáhùn. “Àlejò òtẹ́ẹ̀lì ni.”

“Imú yín jọra.”

“Imú pọ̀ láyé, Màmá.”

“Irọ́ o, mà!” Dwight ni. Ó fẹ́ gba ọ̀gá rẹ̀ là. “Ọ̀gá wa gan-an ni! Àwọn fúnra wọn ló ní kó wúwo ju ẹgbẹ̀rún béárì lọ!”

Ní àkókò yẹn, orí ère já. Ó yí wá síwájú, ó gba gbogbo ojú àwòrán, ojú Gaddis gbàràmù-gbaramu, ó ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín sí èrò. Gaddis ò lè fara dà á mọ́.

“Noreen! Kàn án mọ́lẹ̀! Kan gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀! Àwọn ìṣó yẹn dà?”

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e dé gbogbo igun.

“Ẹ ní kí n tú u láàárọ̀,” Noreen wí látẹ̀yìn, dónọ́ọ̀tì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Ìṣó wo?” Màmá béèrè. “O ní kò sí ìṣó.”

“Màmá… ìṣó tó bá òótọ́ ayé mu ni.”

Màmá yíjú sí Noreen. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé nǹkan yìí lè dáa?”

“Díẹ̀, mà. Béárì á ṣì máa ṣubú. Ṣùgbọ́n á mọ bí wọ́n ṣe ń dìde. Tẹ́ ẹ bá fún wa dìgbà ìrúwé ọdún tó ń bọ̀.”

“Ẹ gbà á. Ère yẹn ńkọ́?”

“Màá yọ ọ́ kúrò, mà.”

“Ta ló ní kó o yọ ọ́? Mi ò rẹ́rìn-ín báyìí látọjọ́ tí ọkọ mi ti kú. Fi í síbẹ̀, ṣáà so ó díẹ̀.”

Ẹ rò pé Gaddis á wá ibì kan rá pálá sá lọ? Ó fi áńkáṣífù nu ojú, ó ṣe kóòtù dáadáa, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá obìnrin náà lójú gbogbo èrò.

“Màmá. Ọ̀rọ̀ àga ààrẹ yẹn ńkọ́?”

“Àga wà níbẹ̀, Thurlow.”

Ó bojú wẹ̀yìn.

“Ìwọ ni mò ń bá wí. Àga wà níbẹ̀. Ìwọ ni o ò ní sí níbẹ̀. Lọ sílé.”

Kí n yára sọ èyí tó kù. Géèmù jáde nígbà ìrúwé. Àwọn oníwèé ìròyìn bú u dé egungun: ó ń falẹ̀, kọ̀ǹpútà ilé ẹnikẹ́ni ò lè gbé e, ọwọ́ ṣì ń ká bí núdùsì. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà títí dòní tí wọ́n máa ń jókòó tì í, wọ́n á fi sùúrù to àga mẹ́rin léra wọn, bó bá dúró, wọ́n á pe ìyàwó wọn wá wò ó. Noreen ò di ààrẹ, kò sì béèrè. Màmá ní àga tó lè sọ àgbàlagbà dà báyìí, kí wọ́n tà á. Dwight ló rà á. Ó wà ní ilé ìdáná rẹ̀, orí ẹ̀ ló ti ń jẹ kọnfiléèsì.

Ṣùgbọ́n bí Gaddis ṣe jáde lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé relé. Ó gbé àyà síwájú, ó gbórí sókè, ó gba àárín èrò kọjá bí ẹni tí wọ́n ń fọnfèrè fún. Ó dé ìlẹ̀kùn tó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìlẹ̀kùn irin ńlá, ó fọwọ́ lé e, ó tì í. Kò ṣí. Ó fi èjìká tì í. Kò ṣí. Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó fi gbogbo ara tì í, bàtà rẹ̀ ń yọ̀ nílẹ̀, kóòtù ya ní abíyá.

“Fífà ni, ọ̀gá,” ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wí jẹ́jẹ́. “Ẹ fà á.”

“Mo mọ̀!” ni Igbákejì Ààrẹ Àgbà fún Òótọ́ Ayé dáhùn, ó sì ń tì í lọ.